Oore Tí Uncle Japheth Ṣe Lórí Odò

Ẹ bá mi kí Uncle Japheth ará Yarnton Way ní London, baálẹ̀ gbogbo odò, a-sọ̀rọ̀-kí-ọkọ̀-ojú-omi-gbọ́. Bí ìsìn bá ti parí, ìtàn abúlé kan ní Ireland ló kù. Ó ní kò sí ọ̀nà àtijọ́ tí òun kò tọ̀ níbẹ̀, kò sí odò tí òun kò mọ ibi tí àwọn baba wọn ti ń sọdá. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló lò níbẹ̀, òjò kò sì jẹ́ kó yọjú síta.

Nígbà tí Folúkẹ́ dé láti Èkó, tó ríṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní òdìkejì odò Thames, Uncle fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ferry Woolwich tó ń gbé èèyàn sọdá odò yẹn, wọn kì í jẹ́ kí àlejò wọ̀ ọ́ o. Ṣùgbọ́n captain yẹn, my person ni."

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Tí mi ò bá débi iṣẹ́ on time, wọ́n á lé mi."

"Ọbẹ̀ ẹja tó o sè lọ́jọ́sí, kò burú."

Bí ọbẹ̀ ẹja ṣe ń lọ sílé Uncle lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Folúkẹ́ ń wọkọ̀, ẹnikẹ́ni kò bi í ní nǹkan kan. Ó béèrè lọ́wọ́ Uncle nípa àwọn èrò yòókù.

"Gbogbo wọn yẹn? Èmi náà ni mo bá wọn sọ ọ́."

Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kọ́ nílé ni Folúkẹ́. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé ìrẹsì kúlà kan wọkọ̀. Uncle wà níbẹ̀, ó ń fi ọkọ̀ "rẹ̀" han Mùjídì, àlejò tuntun. Nígbà tí wọ́n dé agbedeméjì odò, Folúkẹ́ kúnlẹ̀ níwájú Jasmine, òṣìṣẹ́ ọkọ̀.

"Madam, thank you for carrying me because of Uncle Japheth. This rice is for you and captain."

"Because of who? It's free, love. Free for everybody."

Gbogbo ojú yí sí Uncle.

"Confidential ni," ni Uncle wí. "Kò lè sọ ọ́ ní gbangba."

"Uncle," ni Mùjídì wí, "panla tí mo gbé wá fún yín lánàá ńkọ́?"

Uncle wo ọ̀tún, omi. Ó wo òsì, omi. Nínú gbogbo ọ̀nà àtijọ́ tó mọ̀, kò sí ọ̀kan tó gba ibẹ̀ kọjá.

Inú bí Folúkẹ́ gidi. Ó ṣí kúlà, ó bu fún Jasmine, ó bu fún Mùjídì, ó bu fún gbogbo èrò tó wà nítòsí. Ìrẹsì náà ń ta sánsán. Uncle rọra na ọwọ́.

"Ẹ má bínú, Uncle," ni Folúkẹ́ wí, "àwọn tó ṣe mí lóore ni mo sè é fún."

Ó sì dé kúlà rẹ̀.