Ilé Ìkọ̀kọ̀ Tí Pátákó Rẹ̀ Ga Ju Òrùlé Lọ

Ẹ jẹ́ ká tètè kí Alága kó tó bínú. Ọ̀gá oní-sìmẹ́ǹtì, Aṣoore-má-pa-á-mọ́, Àpáta-tó-ń-wá-ẹni-tí-yóò-sá-sí-i. Bó bá ti rí kámẹ́rà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ló máa ń kọ sí i, nítorí ibẹ̀ ló kún jù. Alága ẹgbẹ́ wo? Ẹgbẹ́ tirẹ̀ ni. Òun ni alága, òun ni akọ̀wé, òun náà ló ń pàtẹ́wọ́ bí ìpàdé bá parí.

Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì àdúgbò wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ó ti sú òun láti máa di ọgbẹ́ obìnrin kan náà léraléra, kí òun sì tún máa dá a padà sọ́dọ̀ ọkọ tó lù ú. Ilé oníyàrá mẹ́rin tí Alága ń kó àpò sìmẹ́ǹtì sí nígbà kan ti ṣófo. Ṣé ó lè yọ̀ǹda rẹ̀, kí irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ máa rí ibi sápamọ́ sí?

Alága ro ó wò. Ó rí ara rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn. Omijé àánú bọ́ lójú rẹ̀, ó sì gbà.

Aránṣọ kan ló kọ́kọ́ dé. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lérí, ó sì fi aṣọ so apá òsì rẹ̀ kọ́rùn. Ọkọ rẹ̀ onítípà ló dá apá náà. Àwọn ọlọ́pàá ń wá ọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n ojú títì ni ilé rẹ̀; bó bá wà níhìn-ín lónìí, á wà lọ́hùn-ún lọ́la. Aránṣọ wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sùn fọnfọn. Ó ti pẹ́ tó ti sùn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Nígbà tó jí lọ́jọ́ kejì, ó ṣí fèrèsé, ló bá rí Alága tó ń rẹ́rìn-ín sí i láti òkè. Pátákó ni. Ó ga ju òrùlé lọ. Orí Alága tó wà níbẹ̀ tóbi tó ilẹ̀kùn gáréèjì, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀ pé: ILÉ ÌKỌ̀KỌ̀ TÍ ALÁGA FI ÀWỌN OBÌNRIN TÍ ỌKỌ Ń LÙ PAMỌ́ SÍ. Ọfà pupa kan nà tàràtà sí géètì, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣìnà. Iwájú àti ẹ̀yìn ni wọ́n kùn, kí àwọn tó wà nínú ilé náà má baà gbàgbé ẹni tó ṣe wọ́n lóore.

Inú bí nọ́ọ̀sì débi pé ẹsẹ̀ lásán ló fi dé ṣọ́ọ̀bù.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ pátákó yẹn. Ibi ìsápamọ́ la ní ká ṣe."

"Ṣebí mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé ìkọ̀kọ̀ ni."

"Ọkọ aránṣọ á kà á."

"Kó kà á dáadáa. Nọ́ọ̀sì, adìẹ yé ẹyin kan ṣoṣo, gbogbo àdúgbò gbọ́. Èmi tí mo fi odindi ilé tọrẹ, kí n wá panu mọ́?"

"Adìẹ tó ń ké náà ni àṣá ń gbọ́, sà."

"Àṣá tó bá láyà kó wá. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ayẹyẹ ìṣílé."

Ó ti tò ó sílẹ̀ lọ́kàn. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn obìnrin tí ọkọ ń lù yóò jókòó níwájú, wọ́n á máa sunkún díẹ̀díẹ̀, kámẹ́rà á sì rí i pé òun ló ń nù wọ́n lójú. Àwọn àlejò á gba abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n tẹ ojú òun sí.

Nọ́ọ̀sì mú ọ̀kan nínú abẹ̀bẹ̀ náà, ó yí i síwá sẹ́yìn. Ẹni tó bá mọ obìnrin náà dáadáa ì bá ti fura.

"Ó dáa," ló wí. "Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi abẹ̀bẹ̀ yín bo ojú wọn. Màá tún kó àwọn míì wá, kí ìjókòó lè kún."

"Ojú mi, ní gbogbo ìlà iwájú?"

"Ní gbogbo rẹ̀, sà."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Alága, ẹnikẹ́ni ò tíì fún un ní ẹ̀bùn tó dùn mọ́ ọn tó báyìí.

Ọjọ́ Sátidé pé. Alága gun orí pèpéle nínú ọgbà ilé náà pẹ̀lú máìkì tí kò ní wáyà lọ́wọ́, ó wo iwájú, ó rí ara rẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn obìnrin náà jókòó ṣánṣán, bàtà dúdú kan náà ló sì wà lẹ́sẹ̀ gbogbo wọn. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìyà ti kọ́ àwọn wọ̀nyí lẹ́kọ̀ọ́.

"Èmi ni mo gbà wọ́n sílẹ̀," ló wí sínú máìkì. "Ọkọ tó bá rò pé òun lágbára, kó wá bá mi níbí."

Típà kan tó kún fún yẹ̀pẹ̀ dúró lẹ́nu géètì. Láti orí títì ni awakọ̀ rẹ̀ ti rí pátákó, ó sì tẹ̀ lé ọfà. Ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Alága, ìwọ lo fi ìyàwó mi pamọ́?"

Ẹsẹ̀ Alága ló kọ́kọ́ dáhùn. Ó sún sẹ́yìn. "Èmi kọ́ o."

"Ta ló wà lórí pátákó?"

"Ó kàn jọ mí ni."

"Àwọn tó wà lórí abẹ̀bẹ̀ ńkọ́?"

"Àwọn náà jọ mí."

Nígbà tí onítípà fi máa wojú rẹ̀ padà, Alága ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ wọnú ilé. Onítípà já abẹ̀bẹ̀ àkọ́kọ́ gbà, ó rí obìnrin ọlọ́pàá. Ó já èkejì, obìnrin ọlọ́pàá ni. Kò já ẹ̀kẹta mọ́.

"Ẹ káàbọ̀, sà," obìnrin ọlọ́pàá náà wí, ó sì so ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. "Ó ti pẹ́ tí a ti ń wá yín."

Ìyàwó rẹ̀ kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti mú un kúrò láti ìdájí.

Àwọn èèyàn ṣì ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí sípíkà bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo wà. Ẹni tó bá fẹ́ràn mi, kó bá mi wó pátákó yẹn. Orúkọ mi wà níbẹ̀. Ọfà tún wà níbẹ̀. Òmùgọ̀ wo ló fi ọfà sí i?"

Gbogbo àdúgbò gbọ́. Kámẹ́rà kọjú sí sípíkà. Nọ́ọ̀sì lọ kan ilẹ̀kùn yàrá.

"Alága, ẹ máa bọ̀. Wọ́n ti mú un lọ."

"Rọra sọ̀rọ̀," sípíkà dáhùn. "Ṣé o fẹ́ kí gbogbo ayé mọ ibi tí mo sápamọ́ sí ni?"

"Wọ́n ti mọ̀, sà. Ẹ ò tíì pa máìkì yín."

Ìgbà náà ni Alága tó pa máìkì.

Àwọn obìnrin náà ti ní ilé mìíràn báyìí. Níbo? Ẹ lọ bi ẹlòmíràn. Ohun tí mo lè sọ ni pé apá aránṣọ ti san, ó sì ń sùn fọnfọn. Pátákó Alága ló tẹ́ kalẹ̀ tó fi ń gé aṣọ. Bó bá sì fẹ́ lọ aṣọ náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, níbi tó kún jù, ló máa ń gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná kà.