Àṣẹ Ọba Ìdó-Ìràwé: Kí Gbogbo Ọ̀rá Jẹrà

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Tọmọdé tàgbà Ìdó-Ìràwé, ẹ fetí sílẹ̀!

Kábíyèsí béèrè ọ̀rọ̀ kan láàfin lánàá. Wọ́n ní: ta ló ti rí ohun tó le koko lọ́wọ́ ẹni, tó sì máa ń já sí wẹ́wẹ́ fúnra rẹ̀ bó bá dénú ilẹ̀? Ìjòyè mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Olóyè Ọ̀dọ̀fin bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Wọ́n ṣì ń wúkọ́ títí di àárọ̀ yìí.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó fa ìbéèrè. Ọ̀rá tí a fi ń di ọjà ló dí gọ́tà tí omi fi wọ yàrá Olorì. Kábíyèsí ní kí a gbẹ́ ilẹ̀ wò. Ọ̀rá tí bàbá wọn sọ nù ló jáde! Ó ń dán! Ó ń dán ju iwájú orí mi lọ!

Fọlágbadé, ọmọ Bàbá Télọ̀, tó ń ka kẹ́místírì ní Yunifásítì, ló la ọ̀rọ̀ yé wa. Ó ní ọ̀rá dà bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó di ara wọn lọ́wọ́ mú gírígírí. Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Kòkòrò inú ilẹ̀ ò ríbi bù jẹ. Ó ní ká fi àlejò sáàárín wọn, àlejò tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń tú bí omi àti kòkòrò bá kàn án. Wọ́n á já sí kéékèèké, kòkòrò á sì jẹ wọ́n tán.

Ọ̀rọ̀ dára. Òye tiwa ni kò dára! Ní Ìdó-Ìràwé, bí a bá fẹ́ kí àlejò wọ ìdílé, ìgbéyàwó la máa ń ṣe. A mú ọ̀rá tó ti jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. A mú ewé iran. A so wọ́n pọ̀. A fi oyin àti iyọ̀ ṣàdúrà fún wọn. A sin tọkọtaya sẹ́yìn ààfin fún oṣù mẹ́ta. A hú wọn. Ewé ti di ilẹ̀. Ọ̀rá jókòó, ó ń dán! Ọkọ kú, ìyàwó ò tilẹ̀ ṣọ̀fọ̀!

Fọlágbadé fọwọ́ lérí. Ó ní ẹ̀yìn tí ọ̀rá ti di ọ̀rá tán kọ́ ni àlejò ń wọlé. Ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so ọwọ́ pọ̀ ni. Kábíyèsí ní àlàyé ti sú àwọn. Ojú àwọn ni àwọn fẹ́ fi rí i.

Nítorí náà, àṣẹ dé!

Àṣẹ kìíní! Gbogbo ọ̀rá ìlú yìí gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà lónìí. Lónìí, mo ní lónìí! Èyí tó bá ṣagídí, kí ẹni tó ni ín gbé e wá sáàfin, kó wá wí tẹnu rẹ̀.

Àṣẹ kejì! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀rá nítorí pé ó pẹ́ láyé. Àgbà a máa kú. Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún un yóò gbá gọ́tà ọjà títí òjò ọdún yìí yóò fi dá.

Àṣẹ kẹta! A ti tú ìgbéyàwó ọ̀rá àti ewé ká. Ẹni tó bá tún ṣe alárinà wọn yóò fi ọ̀rá tútù ṣe fìlà dé lọ́jọ́ ọjà mẹ́ta. Bàbá Àlàó, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ẹ yé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin lẹ gbé iyọ̀ wá.

Àṣẹ kẹrin! Háà. Àṣẹ kẹrin! Bí ẹnikẹ́ni kò bá fi ohun tí Kábíyèsí béèrè han ojú wọn kí oòrùn òní tó wọ̀, wọn yóò ti ilé-iṣẹ́ ọ̀rá tó wà lọ́nà odò pa. Wọn yóò tì í pa pátápátá! Láti ọdún mọ́kànlá ni Àṣàbí ìyàwó mi ti ń gé ọ̀rá níbẹ̀. Àṣàbí, má wò mí bẹ́ẹ̀ níwájú ìlú. Ẹnu ọba ni, kì í ṣe ẹnu mi. Mo gbọ́. Mo gbọ́ pé mi ò ní jẹun nílé rẹ mọ́. Gbogbo ìlú ti gbọ́!

Ta ló ń kígbe pé kí n lọ jókòó? Ìwọ Lámídì? Wá gba agogo, kí o wá jíṣẹ́ ọba fún ìyàwó tìrẹ!

Àṣẹ karùn-ún... Ẹ dúró. Ewúrẹ́ ta nìyí? Ẹ lé e kúrò lẹ́sẹ̀ mi! Ti Ìyá Ìbídùn ni. Ìyá, ẹ ò so ó mọ́lẹ̀ ni? Wọ́n ní àwọn so ó. Wọ́n ní okùn ló já. Okùn wo? Ẹ gbé e wá ká rí i.

Ẹ wò ó! Kì í ṣe ojú kan ló ti já. Ó já sí wẹ́wẹ́, kò ju ìka ọwọ́ lọ! Ìyá ní ọ̀rá tí àwọn ya tẹ́ẹ́rẹ́ ni àwọn fi lọ́ ọ. Níbi tí ọ̀rá kan bá ti tán, àwọn a fi ikó, fọ́nrán ewé igi ọ̀gọ̀rọ̀, so ó mọ́ òmíràn, àwọn a tún máa lọ́ ọ lọ. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni okùn yìí fi so ewúrẹ́, kò mì. Òjò dé, ó sùn nínú ẹrẹ̀. Gbogbo ikó inú rẹ̀ ló rà!

Fọlágbadé ti kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀! Ó ń dì mọ́ ewúrẹ́! Ó ní bí Ìyá ṣe ṣe okùn gẹ́lẹ́ ni ká ṣe ọ̀rá: ká ti máa fi àlejò tó ń rà sáàárín nígbà tí a ṣì ń so ó lọ!

Àṣàbí, ká okùn yẹn, ó dààfin! Oòrùn ṣì wà lókè! Kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀!

Ibi tí ọba rán ẹnu mi dé nìyí. Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún ẹni tó wà lóko. Mo gbé agogo kọ́ èjìká, mo ń sáré tẹ̀lé ìyàwó mi!