Bọ́ọ̀lù Ìbíyẹmí Tó Sọnù

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé àṣegbé kan kò sí, àṣepamọ́ ló wà? Ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ọ́ fún yín. Bí ẹlòmíràn bá sọ ọ́ yàtọ̀, kò sí níbẹ̀ ni.

Ìbíyẹmí ni orúkọ ọmọbìnrin náà, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Láṣebìkan, baba rẹ̀, ló ń gé koríko pápá gọ́ọ̀fù kan ní Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ lọmọ ti kọ́ eré náà títí tó fi bá àwọn ọmọ ọlọ́rọ̀ du ife ẹ̀yẹ àwọn ọ̀dọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, baba rẹ̀ fi ọ̀dà pupa ṣe àmì mẹ́ta sára bọ́ọ̀lù rẹ̀, kó má baà dàrú mọ́ tẹlòmíràn.

Ó wá ku ihò kan ṣoṣo tí wọn yóò gbá bọ́ọ̀lù sí. Òun àti ọmọ kan tó ń jẹ́ Adéọtí ló jọ wà ní ọgbọọgba. Ìbíyẹmí gbá bọ́ọ̀lù, ó fò kọjá lórí àwọn òǹwòran, ó di àwátì. Wọ́n wá igbó títí. Bẹ́ẹ̀ ìyà ńlá wà fún ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá sọnù. Ni Ìbíyẹmí bá rọra yọ òmíràn nínú àpò, ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó pariwo pé, "Mo ti rí i o!"

Alàgbà Ṣówándé, adarí eré, tó ti dúró lẹ́yìn àwọn òǹwòran, tẹjú mọ́ ọn. "Àmì pupa rẹ̀ ńkọ́?"

"Koríko ló nù ún kúrò, sà."

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Koríko ibẹ̀ le, sà."

Láṣebìkan sáré jáde láàárín èrò, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ forí jì mí, sà. Èmi ni mi ò gé e dáadáa."

Ojú ti Ìbíyẹmí débi pé etí rẹ̀ méjèèjì gbóná. Síbẹ̀ ó gbá bọ́ọ̀lù, ó wọ ihò, ó gba ipò kìíní.

Bí wọ́n ṣe gbé ife lé e lọ́wọ́ ni òjò dé. Alàgbà Ṣówándé ṣí agboòrùn tó fi kọ́ apá láti àárọ̀ láti fi bo ọmọ náà. Kò! Bọ́ọ̀lù kan já bọ́ látinú rẹ̀, ó ba Ìbíyẹmí lórí, ó ta sínú ife, gbàn-ùn! Àmì pupa mẹ́ta ń wò ó.

Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Àánú ọmọ ṣe Alàgbà. "Bóyá ti àná ni," ló wí jẹ́jẹ́.

Ìbíyẹmí wo baba rẹ̀, tó ṣì ń ṣàlàyé fáwọn èèyàn pé òun á tún koríko gé lọ́la.

"Ti òní ni, sà. Mo purọ́ ni. Koríko bàbá mi ò jẹ̀bi."

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ife fún Adéọtí. Baba rẹ̀ ò nà án, kò bú u. Ó dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n rìn lọ nínú òjò. Ó pẹ́ kí baba tó dúró.

"Ìbíyẹmí, irú koríko wo ló ń nu ọ̀dà?"

Baba bú sẹ́rìn-ín, ọmọ bú sẹ́kún.

Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ohun kọ̀rọ̀ ní àdúgbò yẹn á kọ́kọ́ wòkè ná. Ìdí nìyẹn táwọn àgbà fi ní: àṣegbé kan kò sí, àṣepamọ́ ló wà.