Onídìrí Tó Di Orí Oníbàárà Mú

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló gbé e wọlé, orí ẹnì kan sì wà lọ́wọ́ ẹnì kejì. Onídìrí tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, ó fi ọwọ́ méjèèjì rọ̀ mọ́ irun oníbàárà ẹ̀. Apá kan irun náà ti dì, apá kejì dúró gàgà. Èmi ìyá àgbà tí mo jókòó láàárín ìgbìmọ̀, mo ti ń fi gèlè nu omijé ẹ̀rín kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

"Kábíyèsí, ẹ gba orí mi lọ́wọ́ obìnrin yìí!" Oníbàárà ló ń pariwo láti ìsàlẹ̀. "Ọ̀la ni ìgbéyàwó ọmọ mi! Ṣé báyìí la ó ṣe jọ lọ?"

"Onídìrí, fi orí ẹ̀ sílẹ̀."

"Ha! Bí mo bá fi í sílẹ̀, ilẹ̀ yá, Kábíyèsí. Ẹ̀yìn mi ti há. Orí ẹ̀ nìkan ló gbé mi ró."

"Kí ló mú un há?"

"Orí ẹ̀ náà ni! Orí tó sún mọ́ ilẹ̀ tó báyìí, ta ló máa dì í tí ẹ̀yìn ẹ̀ ò ní há?"

"Irọ́ ni! Bàtà ẹ̀ ló fà á! Ẹ̀yìn mi ló wà, ìró ẹsẹ̀ ẹ̀ ni mò ń gbọ́: kọ́-ṣàà, kọ́-ṣàà!"

Ìró tí onídìrí ró ń wọ́ nílẹ̀, a ò rí ẹsẹ̀. Wọ́n pe télọ̀ tó wà lọ́wọ́ òsì ṣọ́ọ̀bù ẹ̀.

"Sílípáàsì ni, Kábíyèsí. Ó ti jẹ, ó fẹ́lẹ́ bí ewé. Bó bá tẹ abẹ́rẹ́ mi mọ́lẹ̀, á sọ nọ́ńbà ẹ̀ fún yín."

Atúnaagoṣe tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún fò dìde. "Rárá o! Bàtà gogoro ni! Ó ga débi pé mò ń bẹ̀rù kó má lọ forí gbá fáànù òkè."

"Ojú ẹ ń ṣe bàìbàì ni."

"Ojú tèmi? Ìwọ tó rán ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta!"

Kábíyèsí ní kí n gbé ìró náà sókè díẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, orúnkún mi ké kẹ́ẹ́. Mo wò ó.

"Ẹ gbà mí o! Gogoro lọ́tùn-ún, sílípáàsì lósì!"

Onídìrí ò tiẹ̀ tijú. "Kábíyèsí, bí mo bá ki ẹsẹ̀ bọ bàtà gidi nínú ooru yìí, á jinná ni. Gogoro ń pa ìbàdí mi, sílípáàsì ń pa orúnkún mi. Mo ní kí n wọ ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú wọn, kí ìrora lè pín sí méjì."

"Ṣé ìrora náà wá pín?"

"Ó pín, Kábíyèsí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló gba odidi."

Mo rẹ́rìn-ín ṣubú lu ìjòyè tó jókòó tì mí.

Kábíyèsí wúkọ́. "Ẹ pe aránbàtà. Kó rẹ́ gìgísẹ̀ gogoro yìí sí méjì, kó kan ìdajì mọ́ ìdí sílípáàsì, kó sì fi awọ dì í mọ́ ẹ̀yìn ẹsẹ̀."

Aránbàtà fa ayùn yọ. Ó rẹ́, ó kàn án. Ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Ẹ̀yìn onídìrí dún gbà! Ó nà, ọwọ́ ẹ̀ tú, oníbàárà gba orí ẹ̀ padà.

"Onídìrí, jókòó síbí, kí o parí irun náà lọ́fẹ̀ẹ́. Títí ooru yóò fi lọ, orí àga ni wàá ti máa dirun. Télọ̀, atúnaagoṣe, ẹ̀yin tí ẹ rí ẹsẹ̀ kan tí ẹ pè é ní méjì, ẹ fi bàtà kọ̀ọ̀kan ṣe pààrọ̀, kí ẹ wọ̀ ọ́ délé. Ẹnikẹ́ni tó bá sì tún rẹ́rìn-ín níbí, kó bọ́ bàtà tiẹ̀ fún ayùn."

Mo bu ètè jẹ, mo fi gèlè di ẹnu. Ẹ̀rín gba imú jáde.

Gbogbo wọn wo abẹ́ àga mi. Bàtà pupa ọmọ ọmọ mi ni mo wọ̀ wá, gìgísẹ̀ ẹ̀ gùn bí ìka.

"Ìyá àgbà," Kábíyèsí wí, "ẹ na ẹsẹ̀ wá."

Láti àárọ̀ òní lọmọ náà ti ń wá bàtà ẹ̀ káàkiri ilé. Látìgbà tí ayùn ti rẹ́ gìgísẹ̀ ẹ̀, ìbàdí ò dùn mí mọ́ o. Ṣùgbọ́n mo ti tilẹ̀kùn yàrá mi.