Nọ́ńbà Tó Wà Lábẹ́ Orúkọ Sàlámátù

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn yóò fi gbé mi sin. Ìgbà tí nǹkan le koko ní Douala, ní Kamẹrúùnù, ni, tí gbogbo ayé ń pariwo "la crise", tí a máa ń jókòó sí ìsọ̀ ní ọjà Mboppi láti àárọ̀ láìrí ẹni tí yóò fọwọ́ kan aṣọ. Ọdún yẹn náà ni Sàlámátù, ìyàwó mi, kú.

Àwa Yorùbá àdúgbò New Bell ní àṣà kan. Ní Jímọ̀ tó kẹ́yìn ṣáájú ààwẹ̀, Àáfà Músílíù á fi nọ́ńbà ka orúkọ àwọn èèyàn wa tó kú sí ìlú yìí. Ẹni tó kú gbẹ̀yìn ni wọ́n ń kà kẹ́yìn, òun sì ni gbogbo mọ́sáláṣí ń ṣe àmín tó gùn jù fún. Àmín yẹn ni mo fẹ́ gbọ́ fún Sàlámátù. Nítorí pé mo mọ orúkọ gbogbo wọn sórí, èmi ni wọ́n rán pé kí n lọ tẹ̀ ẹ́ ní kọ̀ǹpútà.

Afúsá, ọmọ Rájí télọ̀, ló ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Akwa. Òjò ṣú lọ́sàn-án yẹn débi pé ojú kọ̀ǹpútà nìkan ló mọ́lẹ̀. Mo ní, "Ọ̀kan, Bùsàrí onírẹ́sì." Ó tẹ̀ ẹ́. Kí n tó la ẹnu, nọ́ńbà kejì ti yọ jáde.

"Ta ló kọ ìyẹn?"

"Papa, c'est automatique. Fúnra ẹ̀ ló ń ṣe é."

A ti lọ jìnnà kí n tó rántí pé mo fo Láwànì. Afúsá fi í sáàárín Bùsàrí àti Kàsímù. Ẹ gbọ́, gbogbo àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló sún fún un, bí èèyàn ṣe ń sún fún ẹni tó pẹ́ dé ìrun. Orí mi wú. Èmi aláìmọ̀kan, mo bá ara mi tí mo ń sọ pé, "Ẹ kú ìjókòó o."

Ó wá kan Sàlámátù. Bí orúkọ rẹ̀ ṣe parí, nọ́ńbà mìíràn yọ lábẹ́ rẹ̀ lófìfo, ìlà tín-ín-rín kan sì ń ṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní kó pa á rẹ́. Ó pa á rẹ́. Ó tún tẹ ibì kan, nọ́ńbà tún yọjú. Mo ṣí fìlà mi, mo fi bo ojú kọ̀ǹpútà.

"Afúsá, ta ló ń retí?"

"Kò retí ẹnìkankan, Papa! Ẹ gbé fìlà yín, mi ò ríran. Ẹ jẹ́ kí n kàn tún un—"

"Má fọwọ́ kàn án mọ́! Tẹ̀ ẹ́ jáde báyìí, kó tó dárúkọ èèyàn."

Bí mo ṣe gbé e lọ fún Àáfà nìyẹn. Nígbà tó di Jímọ̀, ó kà á dé "ẹni kejìlélógún, Sàlámátù." Kí a tó ṣe àmín, ojú rẹ̀ ti bọ́ sísàlẹ̀. "Ẹni kẹtàlélógún..." Ó gbé ìwé náà sí ọ̀nà fèrèsé, ó ń wá orúkọ. Yékínì tó jókòó tì mí bẹ̀rẹ̀ sí í sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi díẹ̀díẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ náà pọ̀ jù fún mi. Ẹnu mi ṣí fúnra rẹ̀, bí ìgbà tí tíṣà ń pe orúkọ ní ilé ìwé díẹ̀ tí mo lọ:

"Èmi nìyí, sà!"

Àáfà wò mí. "Bàbá, ẹ jókòó. Kò tíì kàn yín."

Mọ́sáláṣí bú sẹ́rìn-ín. Yékínì rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú lé mi léjìká. Omi lé sí mi lójú, nítorí ẹ̀rín yẹn ló gba ipò àmín Sàlámátù. Mo wá rántí pé nígbà ayé rẹ̀, bí mo bá sọ ara mi di yẹ̀yẹ́, òun ló máa ń rẹ́rìn-ín pẹ́ jù. Kò sí àmín tó gùn tó ẹ̀rín ọjọ́ yẹn. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ju pé kí èèyàn jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì tó ń mú ìlà tuntun wá lẹ́ẹ̀mejì, nọ́ńbà náà á lọ. Yékínì ló padà gba ipò kẹtàlélógún yẹn. Àwọn mìíràn ti tẹ̀ lé e. Lọ́dọọdún ni mo ń dúró lẹ́yìn Afúsá títí ó fi kan orúkọ tó kẹ́yìn, màá ní, "Ọmọ mi, tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì." Nọ́ńbà á lọ. Èmi náà á rẹ́rìn-ín díẹ̀, màá dé fìlà mi, màá máa lọ sílé. Èmi àti nọ́ńbà náà jọ mọ̀ pé ó ń bọ̀ wá bá mi.