Òfin Ìdí-Agbáyun Lórí Ampilifáyà Tó Ń Kú Mọ́ Akéde Lẹ́nu

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Àdúgbò méjèèjìlá tó wà ní Ìdí-Agbáyun, ẹ gbọ́ o!

Ẹ dá odó dúró. Ẹ pa rédíò. Ẹni tó ń fọṣọ, kó fi ọṣẹ sílẹ̀. Èmi Ọ̀jẹ́dòkun akéde ni mò ń sọ̀rọ̀. Níwájú ààfin ni mo dúró sí, lẹ́yìn ọkọ̀ ìkéde ìlú, bùútù rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Kábíyèsí wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, wọ́n ń gbọ́ mi. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Kí ẹ̀yin náà má fi etí ṣòfò.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo kéde pé kí gbogbo ẹni tó ń sin ewúrẹ́ kó wọn wá sí ààfin. Ibẹ̀ ni ampilifáyà, àpótí irin inú bùútù tó ń sọ ohùn mi di ńlá, ti kú mọ́ mi lẹ́nu. Ìyókù ọ̀rọ̀ náà ni pé oṣù tó ń bọ̀ ni, nígbà tí dókítà ẹran bá dé. Ẹ kò gbọ́ ìyókù. Ẹ kò sì béèrè ìyókù! Kí ẹ̀kọ àárọ̀ tó jinná, ewúrẹ́ mẹ́tàlélọ́gọ́jọ ti wọ ààfin. Wọ́n jẹ ilá Olorì tán. Wọ́n jẹ ìtìsẹ̀ Kábíyèsí. Òbúkọ kan gun orí àga wọn, ó jókòó, ó ń jẹ àpọ̀jẹ. Kábíyèsí kò rẹ́rìn-ín. Olorì ni wọ́n rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì dun Kábíyèsí jù.

Nítorí náà, ìkéde tòní ni ìdánwò. Bí ampilifáyà bá tún kú kí n tó parí, tí a kò sì lè sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba lójú ẹsẹ̀, ọkọ̀ yìí di títà. Èmi yóò padà sídìí agogo mi, n ó máa fẹsẹ̀ rìn. Àdúgbò méjìlá! Orúnkún kan ṣoṣo tó dára! Oòrùn sì ti mú báyìí. Mo ti bọ́ agbádá mi, mo ti ká a kó má baà rún. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn, wọ́n ránṣẹ́ pe Sàláwà, rẹ̀wáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo. Ó wo inú bùútù. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé ta ló fẹ́ pa ẹ̀rọ yìí. A ní kò sẹ́ni tó fẹ́ pa á, ọ̀wọ̀ là ń bù fún un. Ó ní òun ti rí ọ̀wọ̀ náà.

Ẹ gbọ́ o! Ọ̀wọ̀ yín ló ń pa á! Mo tún un sọ: ọ̀wọ̀ yín ló ń pa á! Kábíyèsí sì pàṣẹ báyìí:

Òfin kìn-ín-ní. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi aṣọ bo ampilifáyà mọ́. Ẹ̀yin àgbà ni ẹ sọ pé ohun ìní ìlú kò gbọdọ̀ wà ní ìhòòhò. Ẹ fi àrán bò ó. Ìyálóde fi àrán kejì lé e. Ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú fi ẹ̀kẹta, èyí tó ní wajawaja. Ooru gbọ́dọ̀ jáde lára irin yẹn! Bí kò bá ráyè jáde, ẹ̀rọ á tan iná pupa, á pa ara rẹ̀ kó má baà jóná. Kì í ṣe oríkunkun. Làákàyè ni! Ìjìyà: ẹni tó bá fi aṣọ bò ó yóò da àrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bora, yóò dúró sójú oòrùn níwájú ààfin láti aago méjìlá títí di aago méjì. Kó lè mọ ohun tí ojú ẹ̀rọ rí.

Òfin kejì. Sípíkà méjì ni ampilifáyà yìí lè gbé. Ẹ gbé méjìlá kọ́ ọ lọ́rùn! Kò sí àdúgbò tó gbà kí wọ́n yọ òun sílẹ̀. Ará Òkè-Àpáta ní tiwọn gbọ́dọ̀ wà níwájú. Ará Ìsàlẹ̀-Odò ní kó wà níwájú, ṣùgbọ́n tàwọn gbọ́dọ̀ ga jù ú lọ. Òrùlé ọkọ̀ wá dà bí igi ìbẹ́pẹ tó so àsodòyì. A ti tú mẹ́wàá kúrò. Méjì ló kù. Mi ò ní sọ àdúgbò tó ni wọ́n, a ti ha orúkọ àdúgbò tí wọ́n kọ sí wọn lára dànù. Mo rí yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń na ọrùn! Ìjìyà: àdúgbò tó bá yọ́ so tirẹ̀ padà, baálẹ̀ ibẹ̀ ni yóò fi ẹnu lásán kígbe gbogbo ìkéde fún ọjọ́ méje.

Òfin kẹta. Wáyà dúdú kan wà tó yẹ kó kan irin ọkọ̀. Ọ̀dà ló ń kàn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ kun ọkọ̀ yìí, nítorí pé ẹ kò fẹnu kò lórí àwọ̀! Iná kì í gba inú ọ̀dà kọjá. Bí táyà bá ti wọ kòtò, wáyà á mì, ẹ̀rọ á kú. Sàláwà ti fi sáńpépà ha ibẹ̀ títí irin fi ń dán, ó sì ti de wáyà mọ́ ọn pinpin. Ibẹ̀ kò tóbi ju ojú owó kọ́bọ̀ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má bá wa kun ún. Bàbá Láníhùn, mo rí búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀ sà.

Òfin kẹrin. Ẹni tó bá ń gbé omi tútù bọ̀ láti fi tu ẹ̀rọ lára, kó gbé e padà sílé.

Òfin karùn-ún! Ẹ gbọ́ o! Òfin karùn-ún ni pé akéde gan-an

Ẹ gbọ́ o. Ẹ gbọ́ o. Ó ti padà. Ẹ yé rẹ́rìn-ín! Ó kú fún odidi ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo gbọ́ ẹni tó kígbe pé kí Ọ̀jẹ́dòkun lọ mú agogo rẹ̀. Ohùn Òkè-Àpáta ni. Mo gbọ́ ìyá tó ń béèrè bóyá kí òun kó ewúrẹ́ òun bọ̀. Ẹ má kó wọn bọ̀ o, màmá! Ẹ má kó wọn bọ̀!

Sàláwà fi ọṣẹ tó fi ń fọwọ́ sílẹ̀, ó sáré dé. Ó fa wáyà wò, wáyà kò mì. Ó ka sípíkà, méjì ni. Ó wo inú bùútù lẹ́yìn mi, ó sì bá aṣọ kan lórí ampilifáyà. Kì í ṣe àrán. Agbádá ni, wọ́n ká a dáadáa, ó gbóná bí ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Sàláwà gbé e sókè. Gbogbo yín lẹ rí i, àfi ẹni tó wà lẹ́yìn ilé.

Kábíyèsí ní kí n sọ ìdí tí ẹ̀rọ fi kú. Ní gbangba. Lójú ẹsẹ̀.

Mo lè sọ pé bátìrì ló fà á. Àmọ́ mi ò ní fi bátìrì ìlú gbé irọ́ kiri. Ẹ gbọ́ o! Èmi ni mo ni agbádá! Èmi Ọ̀jẹ́dòkun ni mo ni ín! Mo wá ibi tó mọ́ jù lọ nínú ọkọ̀, mo sì gbé e síbẹ̀. Mo ń ka òfin kìn-ín-ní fún yín, mo sì ti rú u.

A ti sọ ìdí rẹ̀. Kábíyèsí ní ọkọ̀ kò ní di títà mọ́. Wọ́n tún ní kí n parí òfin karùn-ún, èyí tí ẹ kò gbọ́ ìyókù rẹ̀. Ìyókù rẹ̀ nìyí: akéde gan-an wà lábẹ́ òfin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí agboòrùn. Mo béèrè bóyá a lè dẹ òfin kẹrin díẹ̀, nítorí omi tútù. Wọ́n ní rárá. Olorì tún ń rẹ́rìn-ín.

Ìkéde Ìdí-Agbáyun parí síbí. Ẹni tó bá gbọ́ ìdajì, kó béèrè ìdajì yòókù kó tó tú ẹran sílẹ̀. Ọ̀jẹ́dòkun ló ké e, ampilifáyà ló gbé e, kò sì tún kú mọ́ mi lẹ́nu lẹ́yìn tí a gbé agbádá kúrò. Aago méjìlá ti lù. Ẹ kó àrán wá, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó ní wajawaja.