Ọ̀dú Tí Mo Fi Ṣe Àwọn Àna Mi Lálejò

Ọjọ́ Ìsinmi kan wà tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Nígbà mìíràn, mo lè dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí ó kàn sọ sí mi lọ́kàn. Ẹnu mi á kọ́kọ́ gbẹ, lẹ́yìn náà ẹ̀rín á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n mí, àwọn ọmọ náà á sì máa wojú ara wọn.

Ọmọ Èkìtì ni mí. Iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé mi wá sí Ọ̀fà, ibẹ̀ náà ni mo sì ti fẹ́ Bùnmi, ọmọ Ọ̀fà pọ́ńbélé, ọmọ ìjọ Áńgílíkà bíi tèmi. Bàbá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì, jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé kí ó tó fẹ̀yìntì, láti ìgbà náà ló sì ti ń dáko lọ́nà Òjòkú. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ kò gbà pé àwa olùkọ́ òde òní lè mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ṣíbí. Kò sọ ọ́ sí mi lójú rí. Ó kàn máa ń wo àtẹ́lẹwọ́ mi bí a bá bọ ara wa lọ́wọ́.

Fídíò kan tí mo wò lórí fóònù ló kó bá mi. Ọkùnrin kan ni, kì í ra ata, kì í ra ẹ̀fọ́, kì í ra ẹyin, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló ń bọ́ òun àti ará ilé rẹ̀. Mo wò ó tán, mo sọ fún Bùnmi pé àwa náà ti kúrò lára àwọn tí ń lọ sọ́jà. Mo kó àpò ìrẹsì àti ike ọ̀dà tó ti fọ́ jọ, mo lọ bu ilẹ̀ dúdú láti orí ààtàn àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé, mo sì gbin tẹ̀tẹ̀, ata, tòmátò àti ọ̀dú. Mo ra adìẹ mẹ́rin tí yóò máa yé ẹyin fún wa. Àwọn adìẹ náà kò yé ẹyin kankan, tẹ̀tẹ̀ ni wọ́n jẹ tán. Tòmátò so méje, mo ya fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí Dádì. Ó fèsì pé òun ti rí wọn, lẹ́yìn tí òun wọ awò òun.

Ọ̀dú nìkan ló dá mi láre. Ó hù nínú gbogbo àpò tí mo gbìn ín sí, ṣùgbọ́n àpò kan wà tí tirẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ fíìfíì, ewé rẹ̀ fẹ̀, ó ń dán, kòkòrò kò fẹnu kàn án. Mo ní ọwọ́ mi ló dára.

Nígbà tí Bùnmi lọ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ kan ní Ìlọrin, tí yóò padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, mo rí àyè. Mo pe Dádì àti Mọ́mì wá jẹun ọ̀sán lẹ́yìn ìsìn. Mo ní gbogbo ohun tí wọ́n máa jẹ, yàtọ̀ sí gààrí, láti ẹ̀yìnkùlé mi ni. Ìsìn àárọ̀ kùtù ni mo lọ kí n lè tètè padà. Mo já ewé ọ̀dú kún bàsíà kan, láti inú àpò kan sí èkejì, mo gbé e sí kíṣíìnì. Kí n tó dáná, wọ́n ti dé. Mo fi Dádì jókòó sí pálọ̀, mo sọ fún Mọ́mì pé kò sí ohun tó kàn wọ́n ní kíṣíìnì lónìí, mo sì sáré lọ wẹ̀.

Kí n má parọ́, ọbẹ̀ náà dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iyọ̀ pọ̀ díẹ̀. Dádì jẹ ẹ̀bà kan, ó bèèrè òmíràn. Ó wò mí, ó mi orí, ó ní, "Ọkọ Bùnmi, o gbìyànjú." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Mo bu ọbẹ̀ sínú abọ́, mo gbé e lọ fún Alhaja, onílé wa tó ń gbé ilé iwájú, kí òun náà lè mọ irú ayálégbé tó ní.

Alhaja jẹun tán, òun fúnra rẹ̀ ló gbé abọ́ padà wá. Ó ṣàdúrà fún mi, ó wá ní kí n mú òun dé ẹ̀yìnkùlé kí òun rí oko náà. A débẹ̀. Ó wo àpò dé àpò, ó ń yìn mí, títí ó fi dé ìdí èyí tó dára jù.

"Tíṣà, kí lẹ fẹ́ fi gégemu ṣe?"

Mo bi í pé èwo ni gégemu. Ó nawọ́ sí i. Ó ní ewé rẹ̀ àti ti ọ̀dú máa ń jọra lójú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n, pé orí ààtàn ló sábà máa ń hù sí, àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ inú ilẹ̀ tí mo bù ló ti wá. Ó wá ń fi ìtàn dá mi lára yá. Ó ní ọkùnrin kan ní Ìjàgbó ṣèèṣì jẹ ẹ́ nígbà kan, ẹnu rẹ̀ gbẹ, omi kò tó o, ó ń ṣa ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí láti ara aṣọ rẹ̀, ó sì ń bá àwọn tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Odindi ọjọ́ méjì ni wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀. Alhaja rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò mọ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín yẹn.

Mo gbìyànjú láti rántí. Ṣé mo já lára àpò yẹn? Mo rántí bàsíà, mo rántí orin tí mo ń kọ, mi ò rántí àpò. Mo tẹjú mọ́ ewé náà, mo sì rí ibi tí wọ́n ti já a, ojú ibẹ̀ ṣì tutù.

Ẹni tó ní làákàyè ì bá sáré wọlé lọ sọ fún wọn. Èmi ronú ọ̀rọ̀ tí Dádì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi, mo ronú bí ojú rẹ̀ yóò ti rí, mo sì pinnu pé màá kọ́kọ́ wò wọ́n ná.

Mo wọ pálọ̀. Dádì ń bèèrè omi, ife kẹta. Mọ́mì ń ṣa nǹkan kéékèèké kúrò lára ìró wọn. Mo rọra bi wọ́n pé kí ni, wọ́n ní òwú ni, mo wò ó títí, mi ò rí òwú kankan. Bí mo ṣe ń wò ó, Dádì kọjú sí ògiri, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Mo gbọ́, ẹ bá mi kí wọn." Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àyà tèmi náà ń lù kìkì, ẹnu mi gbẹ bí ìyẹ̀fun. Mo wo ojú fèrèsé, mo rí adìẹ kan tó dúró sórí táńkì omi, ó ń wò mí. Mi ò mọ̀ bóyá adìẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Mo bu epo pupa sínú ife méjì. Mo sọ fún wọn pé ní ìlú wa ní Èkìtì, àna tó bá kọ́kọ́ jẹun nílé ọkọ ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi epo pa ọ̀fun. Dádì, tó ti kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìtàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, bi mí pé láti ìgbà wo. Mo ní ó ti pẹ́. Wọ́n fi ọ̀wọ̀ tọ́ ọ wò, wọ́n gbé ife kalẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí bí mo ṣe ń wò wọ́n.

Nígbà tó yá, mo ní kí a lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò ní ọsibítù kékeré kan tí kò jìnnà. Wọ́n ní lọ́jọ́ Ìsinmi? Mo ní lọ́jọ́ Ìsinmi ni kì í sí èrò. Mo pe Alhaja náà mọ́ wa. Òun kò béèrè nǹkan kan, ó gbé gèlè, ó ń ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run fún òun nírú ọmọ bíi tèmi sí i. Mo dá kẹ̀kẹ́ Màrúwá dúró, àwọn mẹ́ta jókòó lẹ́yìn, èmi há sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń wà á.

A kò tíì rìn jìnnà tí Dádì fọwọ́ kàn mí léjìká. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ọkọ Bùnmi, má fi pa mọ́ fún mi. Kí ló ṣe ọmọ mi?"

Mo ní kò sí ohun tó ṣe Bùnmi. Ó ní kí n pè é kí òun gbóhùn rẹ̀. Mo pè é, kò wọlé. Mo tún un pè, kò wọlé. Mọ́mì gbé ọwọ́ lé orí, omijé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lójú wọn. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá nǹkan ti ṣe Bùnmi lóòótọ́.

Bí a ṣe dé, mo sáré bá nọ́ọ̀sì, mo rẹ ohùn mi sílẹ̀, mo ṣàlàyé fún un. Òun kò rẹ ohùn tirẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Gégemu? Ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?" Gbogbo àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yíjú sí wa. Kò sí ibi tí mo lè sá gbà mọ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú Dádì àti Mọ́mì, mo ka gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, láti orí ààtàn dé orí epo pupa.

Mọ́mì fi etí ìró nu ojú. Wọ́n mí kanlẹ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

"Ṣé torí gégemu lo ṣe jẹ́ kí n máa sunkún ọmọ mi láti ilé débí? Mo ti ṣà á kúrò nígbà tí o lọ wẹ̀."

Wọ́n ní àwọn kàn yọjú sí kíṣíìnì ni, wọ́n rí i nínú bàsíà, wọ́n tú ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n di àwọn tí kò dára sínú náílọ́ọ̀nù, wọ́n sì fi omi iyọ̀ fọ ìyókù. Wọn kò fẹ́ kí ojú tì mí lọ́dọ̀ Dádì, Bùnmi ni wọ́n fẹ́ sọ fún ní ìrọ̀lẹ́ kí ó lè rọra fà á tu. Mo wá lóye ìdí tí iyọ̀ ọbẹ̀ fi pọ̀.

Nọ́ọ̀sì náà kò gbà bẹ́ẹ̀ lásán. Ó tan iná sí wa lójú, ó yẹ wá wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí a ṣì jókòó ná kí òun máa wò wá. Ó bi Dádì nípa ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ lára ògiri. Dádì yọ nǹkan kékeré kan kúrò ní etí òsì, íápíìsì tí kò ní okùn, tó fi ń gba ìpè fóònù, tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fún un. Ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sókè díẹ̀. Tèmi ló ga jù nínú àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nọ́ọ̀sì ní kí n má tíì dìde. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí Bùnmi fi pè. Fóònù rẹ̀ ló kú nínú ọkọ̀, ó ti ń bọ̀ nílé, ó ní ṣé a ti jẹun.

Dádì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di bẹ́ǹṣì mú. Nígbà tó ṣe, ó dákẹ́, ó wò mí, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́ mi ló wò lọ́jọ́ yẹn. Ó ní gégemu kò bí òun nínú, ẹnikẹ́ni lè ṣì í mú. Ó ní ohun tó bí òun nínú ni pé mo rò pé ìyìn òun tóbi ju ẹ̀mí òun lọ.

Mo ti gbìyànjú láti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, kò ṣeé ṣe. Mi ò kì í gbé ewé tí mi ò mọ̀ délé mọ́ láìbéèrè, ṣùgbọ́n èyí tí mo kọ́ jù ni pé bí ẹ̀rù bá ti bà mí, mo máa ń sọ ọ́ jáde kíákíá, ì báà tilẹ̀ dójú tì mí. Ká ní mo sọ ọ̀rọ̀ kan péré ní pálọ̀, Mọ́mì ì bá dá mi lóhùn, gbogbo wa ì bá sì wà lórí àga wa.

Oko ẹ̀yìnkùlé ṣì wà. Dádì máa ń wá ní ọjọ́ Sátidé láti fi ohun tí mo gbìn hàn mí. Bí mo bá sì gbé ẹ̀fọ́ lọ fún Alhaja báyìí, yóò gbà á, yóò ṣàdúrà, yóò ṣí i wò, yóò wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí pé, "Ta ló ṣà á?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Òun kì í rẹ́rìn-ín títí n ó fi dáhùn.